Owó tábà ló rán wa níléèwé: ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ fi ìtàn ilé wọn ṣe fíìmù

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Lugbe, ní Àbújá níbí, ni mò ń gbé. Ọmọ Òkè-Ògùn ni bàbá àgbà mi, àmọ́ Zaria ni wọ́n ti lo ọjọ́ ayé wọn. Ọdún 1961 ni wọ́n wọṣẹ́ tábà, ewé ni wọ́n ń yẹ̀ wò títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 1984. Owó yẹn ni wọ́n fi kọ́lé, òun náà ni wọ́n fi rán bàbá mi lọ sí yunifásítì. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í mu sìgá ní nǹkan bí ọdún 1978. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló mú wọn lọ ní 2019. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe dọkumẹ́ńtárì, àmọ́ fóònù nìkan ni mo ní. Màmá mi ní kí n má hú òkú jáde. Àbúrò bàbá mi tó kù ní Zaria ní àwọn ò ní nǹkan kan láti sọ. Gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ mi ò ju fọ́tò kan àti agolo sìgá àtijọ́ kan tí màmá mi ń kó abẹ́rẹ́ sí. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé mi ò ní ba orúkọ bàbá àgbà mi jẹ́?"

Àbúrò mi, o kú ọ̀rọ̀ bàbá. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Lẹ́tà rẹ gùn ju èyí lọ. Mo gé púpọ̀ kúrò níbẹ̀, àmọ́ mi ò lè gé agolo yẹn, torí òun gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù rẹ. Láyé ijọ́un, inú agolo roboto ni wọ́n máa ń to àádọ́ta sìgá sí. Tí sìgá inú rẹ̀ bá tán, ta ló jẹ́ ju agolo tó dára bẹ́ẹ̀ nù? Bọ́tìnnì, abẹ́rẹ́, sílè àtijọ́, kọ́kọ́rọ́ tí kò ní àgádágodo mọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń wọbẹ̀. Lọ́jọ́ tí màmá rẹ bá fẹ́ rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù, jókòó tì wọ́n. Gbé fóònù sórí àpótí, kó sún mọ́ ọwọ́ wọn, má gbé e kọjú sí ojú wọn. Jẹ́ kí ìdérí náà ké bó ṣe máa ń ké. Jẹ́ kí ìka wọn máa tú ìpáǹtí inú agolo títí tí wọ́n á fi rí abẹ́rẹ́. Ìṣẹ́jú méjì péré. Obìnrin tí sìgá sọ di opó ń wá abẹ́rẹ́ nínú agolo sìgá. Má sọ̀rọ̀ lé e lórí, jọ̀ọ́, má sì fi dùùrù arò sí i. Ẹni tó bá lójú á rí i.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ orúkọ bàbá àgbà. Ìbéèrè yẹn ti ba ọ̀pọ̀ fíìmù ìdílé jẹ́ kí wọ́n tó ya àwòrán àkọ́kọ́, torí ẹni tó bá ń bi í ti sọ fíìmù di kóòtù. Ìwọ ni lọ́yà, bàbá àgbà ló wà nínú àpótí ẹlẹ́jọ́, àwa tí à ń wò ni adájọ́. Tó o bá fẹ́ gbè wọ́n, wàá fi nǹkan kan pamọ́. Tó o bá fẹ́ dá wọn lẹ́bi, wàá fi òmíràn pamọ́. Owó ni kó o tọpasẹ̀. Owó tábà wọ ilé yín ní Zaria, ó di búlọ́ọ̀kù, ó di páànù, ó di owó yunifásítì bàbá rẹ. Bàbá rẹ gboyè, wọ́n rí iṣẹ́ ìjọba, wọ́n bí ọ, wọ́n rán ìwọ náà níwèé. Kó o tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ohùn tìrẹ ni ká kọ́kọ́ gbọ́, kó o sọ iye tó kàn ọ́ nínú owó náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé ńṣe lo wá fi bàbá àgbà gbayì.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí mo ti ṣì í ṣe rí. Ìyá mi ta sìgá ní gáréèjì kan ní Kaduna fún bí ogún ọdún. Àwọn fúnra wọn ò mu ún rí. Àtẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé kiri, kó tó di pé wọ́n ní ìsọ̀, èyí tó ní láítà tí wọ́n fi rọ́bà so mọ́ òpó. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni èrè ti ń wá. Ẹni tó bá ra odindi páálí, èrè orí rẹ̀ ò tó nǹkan. Àwọn tó ń ra ẹyọ kan, ẹyọ méjì, àwọn yẹn ló san owó iléèwé wa. Ní 2011, mo gbé kámẹ́rà síwájú wọn, mo há máìkì mọ́ ọrùn bùbá wọn, mo wá ṣojú bí oníròyìn, mo ní, "Màámi, ṣé ẹ kábàámọ̀?" Wọ́n yọ máìkì náà, wọ́n ká wáyà rẹ̀ dáadáa, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì lọ fọ abọ́. Odindi oṣù mẹ́ta ni wọn ò fi jẹ́ kí kámẹ́rà wọ ibi tí wọ́n bá wà.

Ọjọ́ tí wọ́n padà sọ̀rọ̀, ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe ò ju pé kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń ṣí páálí hàn mí. Wọ́n gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n fi èékánná ọmọńdinrín ya bébà fàdákà inú rẹ̀. Wọ́n fi àtàǹpàkò ti ẹyọ kan jáde láti ìsàlẹ̀, ọwọ́ wọn ò kan ibi tí èèyàn máa fi sẹ́nu. "Oníbàárà ò fẹ́ kó o fọwọ́ kàn án níbẹ̀." Ẹnu iṣẹ́ yìí ni wọ́n wà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti awakọ̀ kan tó máa ń ra ẹyọ méjì láàárọ̀. Ó di márùn-ún, ó di mẹ́wàá, ó wá di pé ikọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti wọ gáréèjì. Nígbà tó yá, wọn ò gbọ́ ikọ́ náà mọ́. Wọ́n tún páálí gbá mọ́ ọwọ́, wọ́n ní, "Mo máa ń fọ ọwọ́ mi kí n tó fọwọ́ kàn yín." Mi ò bi wọ́n ní ìyẹn o. Ohun tí mo sì ti ń wá láti ọdún 2011 nìyẹn.

Nítorí náà, àbúrò bàbá rẹ ò purọ́ tí wọ́n ní àwọn ò ní nǹkan kan láti sọ. O ti jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó o fẹ́ gbọ́ ni. Bi wọ́n léèrè iṣẹ́, má bi wọ́n léèrè ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ tó ń gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ̀ níbi iṣẹ́ tábà á ti rí nǹkan púpọ̀. Tábà kì í gbó pa pọ̀: ewé ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yá ní kíká, wọ́n á padà wá ká ti àárín, ti òkè ló ń kẹ́yìn. Wọ́n á so ó mọ́ ọ̀pá, wọ́n á gbé e kọ́ sínú ilé tí wọ́n ti ń yan án, wọ́n á máa koná igi láti ìta, ooru á máa gba inú páìpù wọlé, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan, títí ewé tútù á fi pọ́n bí ọsàn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ bàbá àgbà rẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń yẹ ewé wò á wo ibi tó ti wá lára igi, á wo àwọ̀ rẹ̀, á wò ó bóyá ó ní àbàwọ́n, á fi ìka méjì fọwọ́ ra á. Tó bá gbẹ jù, bó ṣe máa ń rí nígbà ọyẹ́ ní Zaria, á rún wómúwómú. Tó bá tutù jù, á bu. Oje rẹ̀ sì ń lẹ̀ bí àtè, ó ń sọ ọwọ́ di dúdú, ọṣẹ lásán kì í bọ́ ọ.

Ibi tí mo fẹ́ kó o dúró sí dáadáa nìyí. Ohun tí ẹni tó ń yẹ ewé wò bá sọ ló ń pinnu iye tí àgbẹ̀ máa mú lọ sílé. Àwìn ni àgbẹ̀ tábà sábà máa ń gba irúgbìn àti ajílẹ̀, ìgbà tó bá tajà ni wọ́n máa yọ ọ́. Tí wọ́n bá ní ewé rẹ ò dára, o lè ṣiṣẹ́ ọdún kan kó o jẹ gbèsè. Bàbá àgbà rẹ lágbára lórí àwọn èèyàn yìí, bí owó oṣù wọn ò tiẹ̀ tó nǹkan. Bi àbúrò bàbá rẹ: nígbà ìtajà, ṣé àwọn àgbẹ̀ máa ń gbé adìyẹ wá sílé yín? Ta ló ń pa á? Ṣé ìgbà kan wà tí bàbá àgbà ní kí wọ́n dá a padà? Mo fẹ́ ìtàn adìyẹ yẹn ju gbogbo ìwàásù lórí sìgá lọ. Tún bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ẹni tí òòyì kọ́, tó ń bì, lẹ́yìn tó ká ewé tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn ayé kọ́ ló ń ṣe é. Nikotíìnì máa ń gba awọ ara wọlé láti ara ewé tútù, àwọn dókítà mọ àìsàn náà dáadáa.

Tí wọ́n bá yí sí Hausa láàárín ọ̀rọ̀, má dá wọn dúró. Ẹni tó dàgbà sí Zaria, inú Hausa ni ìrántí iṣẹ́ yẹn wà. Kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. (Àwa àti Hausa jọ ń pè é ní tábà náà ni. Àwọn obìnrin wọn tiẹ̀ máa ń fi òdòdó rẹ̀ kun eyín láyé àtijọ́, kó lè pọ́n. Tó o bá rí ìyá arúgbó kan tó ṣe é rí, bá mi ya àwòrán rẹ̀.)

O bi mí nínú lẹ́tà rẹ bóyá bàbá àgbà mọ̀ pé sìgá ń pa èèyàn. To àwọn ọdún síra, kí ẹni tó ń wò lè rí ẹni tó mọ nǹkan àti ìgbà tó mọ̀ ọ́n. Ilé iṣẹ́ sìgá ti wà ní Ìbàdàn láti 1937, ti Zaria dé ní 1959. Nígbà náà, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí Richard Doll àti Austin Bradford Hill ti tẹ ìwádìí wọn jáde ní Lọ́ńdọ̀nù pé sìgá ló wà nídìí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ní 1964, ìjọba Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní gbangba fún gbogbo ayé. Bàbá àgbà rẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta nígbà yẹn. Níbí ńkọ́? Ọdún 1990 ni ìjọba ológun ṣe òfin tó ní kí ìkìlọ̀ máa wà lára páálí. Bàbá àgbà ti fẹ̀yìn tì fún ọdún mẹ́fà, bàbá rẹ sì ti ń mu ún fún ọdún méjìlá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìkìlọ̀ náà.

Àmọ́ má torí ìyẹn sọ nínú fíìmù pé wọn ò mọ̀. O ò lè búra. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú tábà fún ọdún mẹ́tàlélógún á ti gbọ́ ikọ́. Sọ àwọn ọdún náà, kó o sì dákẹ́.

Ti ìsinsìnyí ò gbọdọ̀ pẹ́ nínú fíìmù rẹ. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí tábà ní 2004, ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2005, òfin tó le ju ti àtijọ́ lọ sì dé ní 2015. Òfin yẹn ló ní kí wọ́n má ta sìgá lẹ́yọ mọ́, pé páálí oní-ogún ni kí wọ́n máa tà. Jáde ní Lugbe lálẹ́ yìí, dúró sí ìsọ̀ àbókí tó wà létí títì, kó o ka iye páálí tí wọ́n tà. Àwòrán kan ti tó.

Ní ti ìwé, ìròyìn ayọ̀ wà. Lẹ́yìn àwọn ẹjọ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà bá àwọn ilé iṣẹ́ tábà ńláńlá ṣe, tó parí sí àdéhùn ní 1998, wọ́n fipá gba ìwé inú ọ́fíìsì wọn jáde: lẹ́tà, àkọsílẹ̀ ìpàdé, ètò ìpolówó. Yunifásítì California tó wà ní San Francisco kó wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rìnlá ìwé, ọ̀fẹ́ sì ni. Orúkọ tó o máa wá ni Truth Tobacco Industry Documents. Tẹ Zaria. Tẹ Funtua. Tẹ Iseyin. Má retí orúkọ bàbá àgbà rẹ níbẹ̀, irú wọn kì í sábà wọ ìwé ọ̀gá. Ohun tó o máa wá ni bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ibi tí a ti wá, nígbà tí wọ́n rò pé a ò ní ka á láéláé. Tó o bá rí ojú ewé kan tó mú ọ lọ́kàn, fi ohùn ara rẹ ka á sórí àwòrán àgbàlá ilé yín ní Zaria. Kaduna tún wà lọ́nà: ilé àkójọ ìwé ti ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀, Arewa House, ilé ìwádìí ìtàn àríwá, náà wà níbẹ̀. Béèrè fún Gaskiya Ta Fi Kwabo, ìwé ìròyìn Hausa tó bẹ̀rẹ̀ ní 1939, kó o sì máa wo ìpolówó inú rẹ̀, má wo ìròyìn. Tó o bá ń wá fíìmù àtijọ́, Jos lò ń lọ, ibẹ̀ ni ilé àkójọ fíìmù ti ìjọba àpapọ̀ wà.

Fóònù rẹ tó. Ohùn ló máa ń da fíìmù fóònù rú, àwòrán kọ́. Ra máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn ẹ̀wù ní Banex, níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù, pa fáànù, bẹ aládùúgbò kó sún jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ síwájú fún wákàtí kan, fi fóònù sí "airplane mode" kí ìpè má wọlé. Kó o tó kúrò nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, gba ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nígbà tó o bá ń gé e. Ní Zaria, ẹ̀yìn ìrun Àsárà ni kó o ya àwòrán ìta.

Mo fẹ́ kìlọ̀ nǹkan kan fún ọ tí àwọn olùkọ́ fíìmù kì í sọ. Èéfín sìgá lẹ́wà lójú kámẹ́rà. Ó lẹ́wà jù. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá, á máa lọ́ bí aṣọ sílíkì, ẹni tó ti jáwọ́ nínú sìgá láti ọdún mẹ́wàá á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé itọ́ mì. Àwọn tó ń polówó rẹ̀ mọ èyí kí á tó bí ọ. Tó o bá gbọ́dọ̀ ya ẹni tó ń mu ún, gbé ìmọ́lẹ̀ síwájú rẹ̀, kí èéfín náà rí hẹ́ẹ́rẹ́ hẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe jẹ́. Ya eérú. Ya ìka tó ti pọ́n. Òfin náà ń ṣọ́ ọ níbí: ní 2024, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò gbé ìlànà jáde tó kọ fífi tábà ṣe fáàrí nínú fíìmù, fídíò orin àti skít. Ìwọ kì í ṣe fáàrí, àmọ́ Àbújá níbí lo wà, níbi tí àjọ náà wà. Kọ lẹ́tà sí wọn, ṣàlàyé ohun tó ò ń ṣe kó o tó parí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá ọ dúró lọ́jọ́ àfihàn.

Owó ńkọ́? Má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta tábà. Tí àwọn tó ń gbógun ti sìgá bá fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́, gbà á, kí ó sì wà nínú ìwé pé ìwọ lo ni gígé ìkẹyìn, pé ìwọ lo máa pinnu ohun tó máa kù nínú fíìmù náà. Àwọn náà á fẹ́ kí bàbá àgbà rẹ jẹ́ ọ̀daràn.

Màmá rẹ ló kù. "Má hú òkú jáde" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dá ọmọ dúró lásán. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé orí ibùsùn ọsibítù ni ayé á ti mọ ọkọ wọn. Nítorí náà, má ya ọsibítù kankan, má dárúkọ rẹ̀, má fi X-ray hàn. Sọ fún wọn pé àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò ó ṣáájú ẹnikẹ́ni, àti pé ohun tí wọ́n bá ní kó o yọ, o máa yọ ọ́. Mú ìlérí yẹn ṣẹ, kódà tó bá jẹ́ ibi tó dára jù ni wọ́n tọ́ka sí.

Lálẹ́ òní, kó o tó sùn, ṣí WhatsApp rẹ, lọ sí orúkọ bàbá rẹ, kó o sì máa lọ sókè. Ọdún 2019 ò tíì jìnnà. Fóìsì nóòtì wà níbẹ̀. Wọ́n á máa béèrè bóyá o ti jẹun, bóyá o ti fi owó ránṣẹ́ sí ẹnì kan, ikọ́ á gé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́", wọ́n á máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Gbé gbogbo rẹ̀ kúrò lórí fóònù yẹn sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí fóònù tó kú. Má gé ikọ́ náà kúrò. Ohùn yẹn lórí ọwọ́ màmá rẹ tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú agolo, mi ò mọ̀ bóyá wàá nílò nǹkan míì fún ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́.

Tó o bá wá ń lọ Zaria, yà sí ọjà, béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta aásà, ra odindi ewé tábà gbígbẹ kan, dì í sínú bébà kó má rún. Kí àbúrò bàbá rẹ dáadáa, jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá gbé fún ọ, tọrọ àyè kámẹ́rà. Lẹ́yìn náà, gbé ewé yẹn lé wọn lọ́wọ́, má bi wọ́n ní nǹkan kan. Wo ìka méjì tí wọ́n máa fi mú etí rẹ̀.